Abẹ́rẹ́ Àwọn Ìbejì

Ìyá Ìbejì ń gbé ní Dowa, ní Àjàṣẹ́. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́, ara àwọn ọmọ rẹ̀ gbóná. Ó ní: “N kò padà síbẹ̀ mọ́.”

Agbẹ̀bí wá kí i nílé. Ó gbọ́ tẹnu rẹ̀, kò bá a wí. Ó ní: “Ara àwọn ọmọ ń kọ́ bí a ti í bá àrùn jà ni. Ibà kékeré yìí kì í pẹ́ lọ.”

Ìyá àgbà fọwọ́ kan àpá ojú rẹ̀. Ó ní: “Ilẹ̀ẹ́gbóná ló pa àbúrò mi. A kò rí abẹ́rẹ́ gbà nígbà náà.”

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ṣẹ́gun ilẹ̀ẹ́gbóná. Ní ọdún 1980, wọ́n kéde pé ó ti tán láyé.

Ìyá Ìbejì dìde. Ó pọn Táyé. Ìyá àgbà pọn Kẹ́hìndé. Wọ́n lọ gba abẹ́rẹ́ kejì.

Ìbéèrè: Kí ló mú Ìyá Ìbejì yí ọkàn padà?