Bàlúùnù tó wà lẹ́nu ọmọ mi

ÌBÉÈRÈ

Dókítà, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 21, ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ tó wà kì í ṣe àwọn ńlá tí gbogbo ayé ń wò, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń san fún un lọ́sẹ̀ kan, bàbá rẹ̀ kò rí i gbà lọ́dún kan nígbà tó fi ṣe tíṣà. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo rí ọmọ mi nínú ilé ijó kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ti bàlúùnù bọnu, ó ń fà á, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi rò pé ọjọ́ ìbí ni wọ́n ń ṣe. Mo tiẹ̀ fi àdúrà ránṣẹ́ padà. Ìgbà náà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní, “Màmá, òògùn ló wà nínú bàlúùnù yẹn o.”

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti rí oorun sùn. Mo pe ọmọ mi, mo sunkún. Bàbá rẹ̀ ní òun á fà á padà wálé. Ohun tó ń sọ fún wa ni pé gbogbo wọn ló ń ṣe é, pé òun kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àti pé kò sí lára ohun tí wọ́n ń wá nínú ìtọ̀ àwọn. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ọmọ mi ti di ajòògùn? Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Agbábọ́ọ̀lù, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN

Màmá, ẹ kú àìsùn, ẹ sì kú àníyàn ọmọ. Ẹ jẹ́ ká ti ibi bàlúùnù bẹ̀rẹ̀, torí òun ló gba oorun lójú yín.

Gáàsì ló wà nínú rẹ̀, èyí táwọn òyìnbó ń pè ní gáàsì ẹ̀rín. Àwọn agbẹ̀bí àti dókítà eyín ń lò ó láti mú ìrora rọlẹ̀, àwọn tó ń ṣe kéèkì sì ń fi í fẹ́ kíríìmù. Inú agolo irin kékeré kan tó rí bí ọta ìbọn ló máa ń wà. Wọ́n á tú u sínú bàlúùnù, wọ́n á fà á, orí á fúyẹ́, ẹ̀rín á gba ẹnu wọn, kí ìṣẹ́jú mélòó kan tó pé ó ti tán. Ọmọ yín kò purọ́: kò sí lára ohun tí WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti òògùn nínú eré ìdárayá, kà léèwọ̀. Ohun tí kò sọ fún yín ni pé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kà á mọ́ òògùn olóró láti oṣù kọkànlá ọdún 2023, ẹni tí wọ́n bá sì ká a mọ́ lọ́wọ́ nítorí fàájì ti lùfin. Èyí tó yẹ kó ba agbábọ́ọ̀lù lẹ́rù ju ọlọ́pàá lọ ni pé bí èèyàn bá ń fà á lemọ́lemọ́, kì í jẹ́ kí fítámì B12 ṣiṣẹ́ lára mọ́. Ẹsẹ̀ sì máa ń tètè mọ̀ ọ́n. Àtẹ́lẹsẹ̀ á kú tipiri bí ìgbà téèyàn jókòó lé e, onítọ̀hún á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹsẹ̀ yìí ló sì fi ń jẹun.

Ṣé ó ti di ajòògùn? Nínú ohun tí ẹ kọ sí mi, rárá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, Yves Bissouma, tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Tottenham àti orílẹ̀-èdè Mali, fọwọ́ ara rẹ̀ gbé fídíò síta níbi tó ti ń fa irú gáàsì kan náà. Ó tọrọ àforíjì, ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó jókòó fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, ó jókòó, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Gbólóhùn tí ẹ kàn gbé kọjá nínú lẹ́tà yín ló ká mi lára ju bàlúùnù lọ: “òun kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.” Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ tí mo tọ́jú àìmọye ìgbà. Ilé ijó tí bàlúùnù bá ti wà, kokéènì kì í jìnnà sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, irú ìrònú yìí ló sì ń sin èèyàn dé ibẹ̀. Lójú òfin WADA, àsìkò eré nìkan ni kokéènì jẹ́ èèwọ̀, àsìkò yẹn sì máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí aago méjìlá òru bá ku ìṣẹ́jú kan lálẹ́ tó ṣáájú eré. Ọmọdé á gbọ́ èyí, á ṣírò pé bí òun bá fín in símú lálẹ́ Ọjọ́rú, ara òun á ti mọ́ ní Sátidé. Kíndìnrín ò mọ Ọjọ́rú yàtọ̀ sí Sátidé. Èérí kokéènì lè wà nínú ìtọ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́rin, tẹni tó bá sì ti sọ ọ́ dàṣà lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá bá a nínú ìtọ̀ agbábọ́ọ̀lù lọ́jọ́ eré, tó sì fi ẹ̀rí hàn pé òun kò lò ó lásìkò eré, pé kò sì jẹ mọ́ bọ́ọ̀lù, oṣù mẹ́ta ni wọ́n máa fi dá a dúró. Ó lè di oṣù kan bó bá gba ìtọ́jú parí. Láti ọdún 2021 ni òfin yẹn ti rí bẹ́ẹ̀. FA, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún ní òfin tirẹ̀ lórí òògùn fàájì, wọ́n sì lè gba ìtọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí kò sí eré rárá.

Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ kan ń sọ pé, “Oṣù mẹ́ta náà kọ́? Ìsinmi ni.” Ẹ ní kó lọ béèrè ọ̀rọ̀ Adrian Mutu. Ọmọ Romania ni, ọdún 2003 ni Chelsea fi owó ńlá rà á. Lọ́dún 2004 wọ́n bá kokéènì nínú ìtọ̀ rẹ̀. FA fi oṣù méje dá a dúró, wọ́n sì bu 20,000 pọ́n-ùn lé e. Ìyẹn ṣì kéré. Chelsea lé e dànù, wọ́n tún pè é lẹ́jọ́ pé owó àwọn ṣòfò, ìdájọ́ sì bọ́ sí pé kó san ohun tó lé ní mílíọ̀nù 17 owó Yúróòpù fún wọn. Ẹjọ́ yẹn tẹ̀ lé e láti ilé ẹjọ́ kan dé òmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi dókítà tún ní tèmi láti fi kún un: kokéènì tí wọ́n bá fi ọtí lé nídìí, ẹ̀dọ̀ máa ń po wọ́n pọ̀ di májèlé mìíràn tó burú fún ọkàn.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo ẹni tó bá ṣubú ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Lọ́dún 2015, wọ́n bá kokéènì lára Jake Livermore tó wà ní Hull City. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé ọmọ tuntun rẹ̀ ló kú, tó ń dá ìbànújẹ́ náà gbé láìsọ fún ẹnì kan. FA kò fi òfin dè é. Ó tọ́jú ara rẹ̀, ó padà sórí pápá, nígbà tó sì di ọdún 2017 ó tún wọ aṣọ England.

Èyí ló gbé mi dé ibi tí mo ń lọ. Àríyá ni gbogbo wa ń wò, torí pé àríyá ní iná, ó ní orin, wọ́n sì ń ká a sí fídíò. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Ìdánrawò àwọn ọmọ wọ̀nyí sábà máa ń parí ní ọ̀sán gangan. Ẹni ọdún 21, owó kún ọwọ́, ó dé ilé láago méjì, ó di ọ̀la kó tó tún ní ohun kan tó máa ṣe. Mo wọ ilé ọ̀kan nínú wọn rí. Tẹlifíṣọ̀n gba ògiri kan tán, kò sí kọ́tíìnì lójú fèrèsé, àga kan ṣoṣo ló wà ní pálọ̀. Nínú fìríìjì, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí àǹtí rẹ̀ sè láti Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù wà nínú ike márùn-ún, ó ti kọ orúkọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lé wọn lórí. Ti Ọjọ́ Ajé nìkan ni ọmọ náà ṣí.

Alẹ́ lẹ́yìn eré tún ń kọ́? Àwọn mìíràn á ti mu kafíìnì kí wọ́n tó wọ pápá, kò sì lòdì sófin. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni eré á parí, aago méjì òru ọkàn ṣì ń lù kìkì. Ẹlòmíràn á gba ilé ijó lọ. Ẹlòmíràn á wọ yàrá rẹ̀, á gbé òògùn oorun mì. Nínú àwọn méjèèjì, ẹni tó wọ yàrá ni mo kọ́kọ́ máa ń lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹ ò ní ṣaláì mọ Dele Alli, Bamidele tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Nígbà tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, gbogbo ẹnu ló ń sọ pé fàájì ló bà á jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń sọ ọ́ ní sọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tí mo ń lọ. Ní oṣù keje ọdún 2023, òun fúnra rẹ̀ jókòó ti Gary Neville, agbábọ́ọ̀lù àtijọ́, ó sì sọ pé ilé ìtọ́jú kan ní Amẹ́ríkà lòun ti ń bọ̀, òun lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà níbẹ̀, torí pé òògùn oorun ti di bárakú fún òun. Ó ní ohun náà pọ̀ láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù ju báwọn èèyàn ṣe mọ̀ lọ. Ní tèmi, n kò bá a jiyàn.

Ẹ bá mi bẹ bàbá wọn pé kó má fà á padà wálé. Bí òògùn ló ń bà wọ́n lẹ́rù, ṣé kò sí tramadol nígboro wa níbí ni? Ẹ má sì fi òògùn kankan ránṣẹ́ sí i nítorí orúnkún tàbí ẹ̀yìn dídùn, ìbáà ṣe àgbo. WADA ti kà tramadol, tó jẹ́ òògùn ìrora, léèwọ̀ lásìkò eré láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Kolo Touré, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Ivory Coast, kò fín nǹkankan símú. Òògùn tí ìyàwó rẹ̀ fi ń dín sísanra kù ló gbé mì lọ́dún 2011, oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi dá a dúró. Ohun tí wọ́n bá ti bá lára agbábọ́ọ̀lù, ọrùn rẹ̀ ló wà, ẹni yòówù kó fún un.

Ìrànlọ́wọ́ wà ní ìtòsí rẹ̀. Tony Adams, tó jẹ́ balógun agbábọ́ọ̀lù Arsenal nígbà kan rí, tí ọtí gbé dé ẹ̀wọ̀n lọ́dún 1990, ló dá ilé ìtọ́jú Sporting Chance sílẹ̀ lọ́dún 2000 fún irú àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù, PFA, máa ń so wọ́n pọ̀ mọ́ irú ibẹ̀ láìjẹ́ kí kóòṣì gbọ́. Kó lọ fúnra rẹ̀ kí onígo ìtọ̀ tó kan ilẹ̀kùn.

Ní tiyín, ẹ pa fídíò yẹn rẹ́, kí ẹ sì sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n yín pé kó má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn mọ́. Ẹ pe ọmọ yín láago mẹ́ta ọ̀sán, ẹ má pè é lálẹ́. Ẹ béèrè ohun tó jẹ. Ẹ wá bi í pé báwo ló ṣe ń sùn lẹ́yìn eré alẹ́, kí ẹ sì dákẹ́, bó tiẹ̀ pẹ́ kó tó dáhùn. Bó bá ní nǹkan kan wà tóun ń lò kóun tó lè sùn, ẹ kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró de ìwé ìròyìn tó ń bọ̀.