Ìwọ̀, Ìwọ̀n àti Ẹja Tó Wọ́n

Ọmọkùnrin kan ní Pápá Àjàó, tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ládípọ̀, máa ń mú ìwọ̀ lọ sétí ọ̀sà lọ́jọ́ Ìsinmi. Kì í ta ẹja tó bá mú, ó kàn ń gbafẹ́ ni. Ó bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, epìyà tí mo mú tí mo tún dá padà sómi, ṣé mo pẹja náà nìyẹn?"

"Pa" àti "ẹja" ló di "pẹja". Kì í ṣe gbogbo "pa" ló ń gbẹ̀mí o: à ń pàtẹ́wọ́, à ń pàlọ́. Ṣùgbọ́n ẹja tí apẹja bá gbé wálé, ikú ló kú. Èyí tó bá padà sínú omi láàyè, mo ní kó sọ pé òun mú un, òun sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

Kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ dùn sí. Ìwọ̀ ló fi mú ẹja, ìwọ̀n ló yẹ kó tẹ̀ lé e. Ohùn méjèèjì lọ sílẹ̀ bákan náà, imú nìkan ló dá sí ìkejì. A tún lè sàmì sí i: ní 1954, Frank Mather, onímọ̀ nípa ẹja ní ilé ìwádìí òkun Woods Hole ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tó ń fi ìwọ̀ gbafẹ́ lójú òkun ní àmì tí wọn yóò gún mọ́ ẹja lára kí wọ́n tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá tún mú un á ròyìn ibi tó ti mú un àti ọjọ́ tó mú un. Ọgbọ́n yìí kan náà wúlò fún ẹja odò.

Nílẹ̀ wa, láti 1934 ni wọ́n ti ń ṣọdún ẹja ní Argungu. Ẹja tó gbégbá orókè ní 2005 wúwo tó kílò 75, ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e sórí ìwọ̀n. Ó wú mi lórí, àmọ́ ẹni tó fẹ́ mọ ìlera odò gbọ́dọ̀ wọn kékeré mọ́ ńlá, torí kékeré ni ọ̀la odò.

Ẹ ṣọ́ ohùn o. "Wọn ẹja" ni kí a mọ bó ṣe gùn àti bó ṣe wúwo. "Ẹja wọ́n" ni pé kò sí, tàbí pé owó rẹ̀ ga. Ojoojúmọ́ là ń pariwo ìkejì lọ́jà Mushin, ìwọ̀nba ènìyàn ló ń ṣe ìkíní. Àwọn olùṣèwádìí Fagade àti Olaniyan ṣe é: ní 1972 wọ́n tẹ ìwádìí jáde lórí ẹja kan ní ọ̀sà Èkó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọmọkùnrin náà mú ìwé kan wá. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Mo won epìyà mẹ́rin." Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi àmì sí i: wọn.