Kí O Tó Da Ẹrù Sínú Laptop Yẹn

Pápá Àjàó,
Mushin, Èkó.

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ìyá rẹ ní o ti ra laptop tokunbo ní Computer Village, àti pé alẹ́ òní lo fẹ́ da gbogbo fọ́tò àti iṣẹ́ iléèwé rẹ sínú rẹ̀. Jọ̀ọ́, dúró ná.

Ṣí This PC. Bó bá jẹ́ C nìkan lo rí, tó kọ nǹkan bíi 237 GB dípò 256 tí wọ́n tà fún ọ (wọn ò rẹ́ ọ jẹ, bí Windows ṣe ń kà á nìyẹn), a jẹ́ pé ìwọ àti Windows lẹ jọ máa gbé yàrá kan. Lọ́jọ́ tí Windows bá dàrú, ẹni tó ń tún un ṣe kì í bá a fa ọ̀rọ̀ gùn: á fọ́màtì C, á gbé Windows mìíràn sí i. Tìrẹ á bá a lọ. Bátìrì tokunbo rèé, iná sì lè lọ nígbà tí update ń lọ lọ́wọ́. Ọjọ́ yẹn kì í jìnnà.

Nítorí náà, pín dísìkì náà sí méjì. Ṣí Disk Management, fi ọwọ́ ọ̀tún máùsì tẹ C, kí o mú Shrink Volume. MB ni wọ́n á ní kí o kọ: 128 GB jẹ́ 131072. Microsoft ní 64 GB tó fún Windows 11. Èmi ò gbà, fi 100 sílẹ̀ fún un. Bí BitLocker (àgádágodo dísìkì Windows) bá wà lórí ẹ̀rọ náà, kọ́kọ́ kọ recovery key rẹ̀ sínú ìwé. Ibi tó ṣófo yẹn, New Simple Volume ni wàá fi sọ ọ́ di D.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dúró, wọ́n á rò pé ó ti parí. Documents, Pictures àti Desktop ṣì wà ní C! Ṣí Properties ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, lọ sí Location, tẹ Move, kí o darí wọn sí D. Àwọn kan tó ń lo Ubuntu náà máa ń ya /home, ibi tí fáìlì wọn wà, sọ́tọ̀ nítorí èyí.

Ṣùgbọ́n dísìkì kan náà ni C àti D o. Bí wọ́n bá jí laptop lọ ní ọjà Ojúwòyè, tàbí tó kú fúnra rẹ̀, méjèèjì ló lọ. Ra external hard drive kan, da ẹ̀dà fáìlì rẹ sí i, má sì kó o sínú báàgì kan náà pẹ̀lú laptop. Dúrọ́ọ̀ mi ní kọ́kọ́rọ́. Gbé external náà wá kí n bá ọ tì í mọ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ Sunday.

Èmi ni,
Àbúrò bàbá rẹ