Igi olódòdó fún iwájú ilé

Ìbéèrè: Ọmọ mi fi fọ́tò igi dogwood ránṣẹ́ láti Virginia. Ṣé ó lè hù ní Másífà níbí?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ má nawó sí i. Igi yẹn ò lè ṣe dáadáa láìrí òtútù líle. Ọyẹ́ tiwa kò tó o. Àwọn ohun funfun tó ń dán nínú fọ́tò náà kì í tilẹ̀ ṣe òdòdó, ewé ni wọ́n. Òdòdó gan-an ni wóróworo tó ṣù jọ láàárín.

Dípò rẹ̀, ẹ wá òdòdó tí wọ́n ń pè ní mussaenda. Irú rẹ̀ tó pupa fòò, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí ló ti ṣẹ̀. Ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ nígbà òjò, ẹ rì í mọ́lẹ̀ níbi tí oòrùn ò ti pọ̀, ẹ sì máa bomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bó bá tanná tán, ẹ rẹ́ ẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á ya bo ojú fèrèsé.

Bó bá jẹ́ igi gidi lẹ fẹ́, akòko lèmi á gbìn. Wọ́n á ní ti olóyè ni. Ẹ má dá wọn lóhùn. Òdòdó rẹ̀ elésèé àlùkò dùn ún wò, kì í sì í fẹ̀ jù. Ọ̀pá tútù rẹ̀ tí ẹ bá fi ṣọgbà, gbòǹgbò ló máa ta.