Lẹ́ńsì: ọ̀nà tààrà sínú àpótí tó wà nínú àpótí

Ẹ wo àpótí yìí ná:

oníbàárà
 └─ àdírẹ́sì
     ├─ àdúgbò: Sábó
     └─ ìlú: Ọ̀yọ́

Ká ní a ṣi ìlú yẹn kọ, Ìbàdàn ló yẹ kó jẹ́ ńkọ́? Nínú Haskell, a kì í pa ohun tó wà nínú àpótí rẹ́. Ńṣe la máa ń kan àpótí tuntun láti inú bọ́ síta: àdírẹ́sì tuntun, lẹ́yìn náà oníbàárà tuntun.

Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ gbogbo ẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo fi ìlú sí àyè àdúgbò, mo fi àdúgbò sí àyè ìlú. Kọ̀ǹpútà ò sọ nǹkan kan, torí ọ̀rọ̀ lásán ni méjèèjì lójú ẹ̀. Bí ẹrù oníbàárà ṣe ṣìnà nìyẹn.

Iṣẹ́ méjì ni lẹ́ńsì ń ṣe: «view» máa wo ibì kan, «set» máa fi nǹkan tuntun síbẹ̀. Àmì «.» la fi ń so lẹ́ńsì méjì pọ̀:

oníbàárà ─adiresi→ àdírẹ́sì ─ilu→ ìlú

set (adiresi . ilu) "Ìbàdàn" onibara

Ìlú nìkan ló yí padà. Àdúgbò ò mira, oníbàárà àtijọ́ náà sì wà bó ṣe wà.

Àmọ́ lẹ́ńsì ní òfin o:

1. Ohun tí o bá fi síbẹ̀ ni kí o bá níbẹ̀.
2. Tí o bá dá ohun tí o rí padà síbẹ̀, kí nǹkan kan má yí padà.
3. Tí o bá fi nǹkan síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó gbẹ̀yìn ló kù.

Ká ní mo dán òfin kìíní wò lọ́jọ́ yẹn ni, mi ò bá fi Ìbàdàn síbẹ̀ kí n bá Sábó. Àṣìṣe mi ì bá ti hàn kí ẹrù tó kúrò nílé.