Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Ọ̀dọ́: Káàdì Àwìn àti Ìwọ̀fà Òde Òní

Kíkà: II Àwọn Ọba 4:1–7, Lúùkù 14:28–30



Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ìbáà ṣe ẹ̀yin tí ẹ wà ní Yunifásítì Ìlọrin níhìn-ín, ìbáà ṣe ẹ̀yin ọmọ ìjọ wa tí ẹ ti rékọjá òkun nítorí ẹ̀kọ́. Ọ̀ràn náà ni ti káàdì tí a fi ń ra ọjà láwìn, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní credit card.

Nínú ìwé kíkà wa àkọ́kọ́, opó kan ké pe Èlíṣà, nítorí tí ọkọ rẹ̀ kú pẹ̀lú gbèsè lọ́rùn, olówó sì ń bọ̀ wá kó àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì lọ sí oko ẹrú. Ìtàn yìí kò ṣe àjèjì sí àwọn baba wa, nítorí tí wọ́n mọ ìwọ̀fà. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó ṣe olùṣọ́ àgùntàn ìjọ ní Ọ̀yọ́, ṣe àlàyé ìlànà náà nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921. Ẹni tí ó yá owó a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó, iṣẹ́ tí ìwọ̀fà náà sì ń ṣe ni ó dúró fún èlé. Ẹ kíyè sí i dáradára: iṣẹ́ náà kò dín ojú owó kù rárá. Bí ó tilẹ̀ ro oko ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, iye tí a yá ní ọjọ́ kìn-ín-ní ṣì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo káàdì náà. Oríṣi méjì ni ó wà, ojú wọn sì jọra. Káàdì ATM tí ilé ìfowópamọ́ fún yín nígbà tí ẹ ṣí àkáǹtì, owó tiyín ni ó ń mú jáde. Nígbà tí owó bá tán, ó tán. Ṣùgbọ́n káàdì àwìn, owó ilé ìfowópamọ́ ni ó ń ná. Wọn a fi iye tí ẹ lè ná mọ lélẹ̀, wọn a fi ìwé gbèsè ránṣẹ́ ní oṣooṣù, wọn a sì dá ọjọ́ tí ẹ óò san án. Ẹni tí ó bá san gbogbo rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó kọjá kì í sábà san èlé lórí ọjà tí ó rà. Ṣùgbọ́n nínú ìwé náà kan náà ni a óò ti rí iye kékeré kan, tí a sọ pé ó tó láti san fún oṣù náà. Níbẹ̀ ni ìdẹkùn wà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan jẹ ₦100,000, tí èlé rẹ̀ jẹ́ ₦3 lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan ní oṣù kan. Kò tún ra ohunkóhun mọ́, ó sì ń san ₦5,000 ní oṣooṣù láìyẹ̀. Nígbà tí ọdún bá yípo, yóò ti san ₦60,000, síbẹ̀ yóò ṣì jẹ ohun tí ó lé ní ₦71,000. Ju ìdajì ohun tí ó san lọ ni èlé ti jẹ. Bí kò bá sì san nǹkan kan rárá fún ọdún méjì, gbèsè náà yóò di ohun tí ó lé ní ₦203,000, láì tilẹ̀ ka owó ìtanràn mọ́ ọn. Owó sọgúndogójì tí àwọn àgbà ń bẹ̀rù gan-an nìyí, aṣọ tuntun ni ó wọ̀. Àwọn ará wa Mùsùlùmí ní ìlú yìí pẹ̀lú ka èlé sí èèwọ̀, kì í sì í ṣe láìnídìí.

Àwọn tí ó dá káàdì yìí sílẹ̀ pàápàá ti kọ́gbọ́n. Ní September 1958, Bank of America fi káàdì ránṣẹ́ sí nǹkan bí 60,000 ènìyàn ní ìlú Fresno ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láìjẹ́ pé wọ́n béèrè fún un. Púpọ̀ ni ó ná an tí kò sì san án. Ní 1970 òfin ilẹ̀ náà fi òpin sí irú ìfiránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 2009 wọ́n sì ṣe òfin pé ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21 kò gbọdọ̀ gba káàdì náà àfi bí ó bá ní owó tí ń wọlé fún òun tìkára rẹ̀, tàbí onígbọ̀wọ́ tí ó ti pé ọjọ́ orí náà. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ó wà lọ́hùn-ún, ẹ má ṣe fi orúkọ ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan ṣe onígbọ̀wọ́ láìjẹ́ pé ẹ ti mọ ibi tí ẹ óò ti san gbèsè náà.

Ní Nàìjíríà, àwọn ilé ìfowópamọ́ a máa béèrè ẹ̀rí owó oṣù, tàbí owó ìdógò, kí wọ́n tó fún ni ní káàdì àwìn. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé òun lè jẹ gbèsè ní báńkì kan kí òun sì sá lọ sí òmíràn. Láti August 2020 ni ìlànà Báńkì Àpapọ̀ ti fún olùyánilówó ní àyè láti gba owó rẹ̀ nínú àkáǹtì mìíràn tí ó bá so mọ́ nọ́ńbà BVN ajigbèsè náà.

Nítorí náà, gẹ́gẹ́ bí Olúwa wa ti sọ nípa ẹni tí ń fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, ẹ jókòó kí ẹ ṣírò kí ẹ tó fi ọwọ́ sí ìwé. Ẹ béèrè: èlo ni èlé rẹ̀ ní oṣù kan? Èlo ni owó káàdì fún ọdún kan? Ọjọ́ wo ni a óò san? Kí ni ìtanràn ẹni tí ó bá pẹ́? Bí ẹ bá gbà á, ẹ gba ìwọ̀n kékeré, nítorí ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ má fi í fa owó jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, nítorí èlé irú owó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ san gbogbo rẹ̀ lóṣooṣù.

Bí ó bá sì jẹ́ pé owó ilé ẹ̀kọ́ ni ó ń dà yín láàmú, ẹ má fi káàdì àwìn wá a. Òfin tí Ààrẹ fi ọwọ́ sí ní April 2024 dá àjọ NELFUND sílẹ̀, tí ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba ní owó láìsí èlé. Ilé ẹ̀kọ́ ni a ń san owó ilé ẹ̀kọ́ náà fún tààrà, ìsanpadà rẹ̀ sì di ọdún méjì lẹ́yìn iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Gbèsè ni òun náà, a sì gbọdọ̀ san án. Ṣùgbọ́n ojú owó rẹ̀ kì í bí ọmọ.

Ẹ padà sọ́dọ̀ opó náà. Nígbà tí òróró ti kún inú ìkòkò gbogbo, Èlíṣà kò sọ fún un pé kí ó kọ́kọ́ jẹun. Ó ní kí ó tà á, kí ó san gbèsè rẹ̀, kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì máa gbé lórí èyí tí ó kù. Gbèsè ni ó ṣáájú, oúnjẹ ni ó tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá lè pa ètò yìí mọ́ ni káàdì náà yóò jẹ́ ìránṣẹ́ fún. Ẹni tí kò bá lè pa á mọ́, òun ni yóò di ìwọ̀fà rẹ̀.

Kí Olúwa fún yín ní ọgbọ́n. Àmín.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ọ̀dọ́

1. Ní ọ̀nà wo ni ẹni tí ń san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù fi jọ ìwọ̀fà?
2. Kí ni Èlíṣà fi ṣáájú, kí sì ni ìdí rẹ̀?
3. Kí ni ó yẹ kí a mọ̀ kí a tó ṣe onígbọ̀wọ́ fún ẹlòmíràn?