Ìpayà Òjijì àti Oògùn Ọkàn: Ohun tí Ó Yẹ Kí Àwọn Àgbà Mọ̀

Ìmọ̀ràn ìlera fún àwọn àgbà tí ń gbé ní Jonesboro àti ní gbogbo agbègbè Clayton County

Ọ̀rọ̀ kan náà, ọkàn, ni Yorùbá ń lò fún ẹ̀yà ara tí ń lù nínú àyà àti fún ibi tí ìrònú àti ìbẹ̀rù ń gbé. Nítorí náà, bí àgbà kan bá sọ fún dókítà pé “ọkàn mi kò balẹ̀,” wọ́n lè túmọ̀ rẹ̀ sí ìdààmú lásán, nígbà tí ó jẹ́ pé bí ọkàn náà ti ń sáré ni ó ń sọ. Ìwé yìí dá lórí ibi tí ọ̀ràn méjèèjì ti pàdé: ìpayà òjijì tí ó lè bá àwọn oògùn àìsàn ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru kan rìn.

Ìpayà òjijì kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Àyà yóò máa lù kìkìkì, èémí yóò há, ọwọ́ yóò máa gbọ̀n, òógùn yóò bo ara, yóò sì ṣe ẹni náà bí ẹni pé ikú ti dé. Ó sábà máa ń dé góńgó láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà ni yóò máa rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ kí irú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ ogbó lára ẹni tí kò ní in rí. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀, inú ara ni kí a ti kọ́kọ́ wá ìdí rẹ̀, kí a sì yẹ àwọn oògùn wò, kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ìrònú ló fà á tàbí pé ọwọ́ ayé wà níbẹ̀.

Ẹ wo orúkọ tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn yín. Hydralazine máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ gbòòrò. Nígbà mìíràn ara a sì mú kí ọkàn sáré láti fi dáhùn. Oògùn yìí wà nínú BiDil, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 2005 fún àwọn aláwọ̀ dúdú tí ọkàn wọn kò lágbára tó láti ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara. Nifedipine náà lè mú kí àyà máa lù kíkan. Ticagrelor, tí wọ́n ń fún ni lẹ́yìn ìkọlù ọkàn, lè mú kí èémí há láìjẹ́ pé ẹ̀dọ̀fóró ń ṣàìsàn. Ẹni tí èémí rẹ̀ há lóru kò lè ṣàì bẹ̀rù. Amiodarone ni ó máa ń fara pamọ́ jù lọ, nítorí ó lè da iṣẹ́ thyroid, ẹ̀yà ara kékeré iwájú ọrùn, rú lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà náà ni ọwọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí ara yóò máa rù, tí oorun yóò sì dá.

Èyí tí ó kan àwọn ará wa jù lọ ni dídá oògùn dúró lójijì. Metoprolol, carvedilol, atenolol àti propranolol máa ń dáàbò bo ọkàn lọ́wọ́ adrenaline, ohun tí ara ń tú jáde nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Kódà, àwọn dókítà a máa fi propranolol rọ ìgbọ̀n ọwọ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà láti dìde níwájú èrò. Bí a bá yọ ààbò yìí kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, ọkàn lè sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àyà lè máa dunni, ìkọlù ọkàn pàápàá sì lè tẹ̀ lé e. Ti clonidine yára ju èyí lọ: ẹ̀jẹ̀ lè ru sókè gan-an, kí orí máa fọ́, kí ara má sì balẹ̀, láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ẹni tí ó lọ sí Abẹ́òkúta fún oṣù mẹ́ta pẹ̀lú oògùn oṣù méjì ti wọ inú ewu yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó ń gbààwẹ̀, ìbáà ṣe ti Ramadan tàbí ti ìjọ, tí ó sì ń fo oògùn ọ̀sán. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ìrìn àjò tàbí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ó sábà máa ń ṣeé ṣe láti yí àkókò oògùn padà.

Ọ̀rọ̀ àgbo ńkọ́? Asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn babaláwo àti oníṣègùn ti ń fi tọ́jú wèrè láti ìgbà pípẹ́, ní reserpine nínú. Ní àwọn ọdún 1950, reserpine jẹ́ ọ̀kan nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí àwọn dókítà òyìnbó ń lò, wọ́n sì rí i pé ó lè mú kí àlá burúkú pọ̀, kí ọkàn sì rẹ̀wẹ̀sì. Ewé náà lágbára, kò sì sí ìtìjú nínú lílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá pàdé metoprolol tàbí digoxin nínú ara kan náà, lílù ọkàn lè lọ sílẹ̀ jù tàbí kí ó dàrú. Ẹ má fi pamọ́ fún dókítà.

Bí ìpayà bá dé, ẹ má dúró láti mọ̀ bóyá ìpayà ni tàbí ìkọlù ọkàn. Ẹ pe 911 bí àyà bá ń dunni tàbí tí ó wúwo fún ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, bí ìrora bá ń lọ sí apá, ẹ̀yìn tàbí àgbọ̀n, bí ẹ bá dákú, bí èémí kò bá wọlé dáadáa, tàbí bí apá kan ara bá rọ. Ẹni tí ó ń lo lisinopril tí ètè tàbí ahọ́n rẹ̀ bá wú, kí ó pè lójú ẹsẹ̀. Èyí wọ́pọ̀ lára aláwọ̀ dúdú ju àwọn yòókù lọ. Ẹ má wakọ̀ fúnra yín lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí ó bá rọlẹ̀, ẹ jókòó, kí ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kí ẹ sì kọ aago tí ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, oògùn tí ẹ lò kẹ́yìn, àti bóyá ẹ ti mu kọfí tàbí jẹ obì, nítorí àwọn náà a máa mú ọkàn sáré. Ẹ pe dókítà tàbí apòògùn yín lọ́jọ́ náà. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín. Dókítà lè dín in kù díẹ̀díẹ̀ tàbí kí ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìpayà gan-an ni, ìtọ́jú wà fún un.

Ní ọjọ́ tí ẹ óò rí dókítà, ẹ kó gbogbo ìgò oògùn àti àgbo sínú àpò kan. Dípò “ọkàn mi kò balẹ̀,” ẹ sọ pé “àyà mi ń lù kíákíá, ó bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí kan lẹ́yìn oògùn àárọ̀,” bí ó bá rí bẹ́ẹ̀. Òfin fi dandan lé e pé kí ilé ìwòsàn tí ń gba owó ìjọba àpapọ̀ pèsè ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà ẹ béèrè fún ti Yorùbá nígbà tí ẹ bá ń gba ọjọ́ ìpàdé. Kò yẹ kí ọmọ-ọmọ kékeré máa ṣe ògbufọ̀ irú ọ̀rọ̀ yìí.

Bí ẹ bá ṣèèṣì lo oògùn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ pe 1-800-222-1222, tọ̀sán tòru. Bí ìbẹ̀rù tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì bá wọ̀ yín lọ́rùn, ẹ pe 988.